Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún Tí A Lè Gbà Dá Igi Mọ̀ Láti Ara Ewé Rẹ̀

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ tí igi ṣì wà lórí rẹ̀, ẹni tí a rán pé kí ó já ewé ìyeyè wá tí kò sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyeyè àti dóńgóyárò, olùkọ́ tí ó fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde lọ wo igi, àti ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù tí ó wá kí bàbá rẹ̀ àgbà ní abúlé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi ara wọn: igi wo nìyí? Ewé ni ó sábà máa ń dá wọn lóhùn. Òdòdó kì í pẹ́ lórí igi, èso ní àsìkò tirẹ̀, èèpo igi ńláńlá sì máa ń jọra lójú ẹni tí kò tíì mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ewé wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ igi fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún, a sì lè mú un dání lọ sí ibi tí igi kò lè bá wa dé.

Ọ̀nà márùn-ún ni ó wà ní àrọ́wọ́tó wa lónìí. A lè fi ojú àti ọwọ́ ara wa yẹ ewé náà wò. A lè gbé e lọ bá àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ ní ọjà. A lè fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ kí áàpù sọ orúkọ rẹ̀ fún wa. A lè ṣí ìwé. A sì lè gbé e lọ sí ibi tí àwọn onímọ̀ ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní hàbéríọ́ọ̀mù. Mo ti lo márààrún, mo sì ń lò wọ́n títí di òní, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà kọ́ ni mo ń fi wọ́n ṣe.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Ohun mẹ́rin ni mo fi ń wọn ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Èkíní ni owó àti àkókò tí yóò gbà. Èkejì ni bí ó ṣe ṣeé gbára lé tó. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í ṣàṣìṣe, nítorí náà ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, bí ó bá ṣàṣìṣe, ǹjẹ́ ẹni tí ó lò ó lè mọ̀? Ẹ̀kẹta ni ohun tí a fẹ́ fi orúkọ náà ṣe. Ẹni tí ó kàn fẹ́ mọ igi tí ó ń jókòó sí abẹ́ rẹ̀ lè ṣi orúkọ igi náà pè kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ se ewé náà fún aláìsàn mu, tàbí ẹni tí ó fẹ́ san owó gẹdú. Ẹ̀kẹrin ni irú ewé tí ó wà lọ́wọ́ wa: ṣé ẹ̀ka tútù tí ewé rẹ̀ pé ni, ṣé ewé kan ṣoṣo tí a ṣà nílẹ̀ ni, àbí àwòrán tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí wa?

Ojú àti ọwọ́ ara ẹni

Ọ̀nà yìí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, sùúrù ni ó ń gbà. Òun ni mo ń gba gbogbo ènìyàn níyànjú pé kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́, nítorí àwọn mẹ́rin yòókù kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa fún ẹni tí kò mọ ibi tí ewé kan ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí. Ọ̀rọ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a mú igi mẹ́ta tí ó wà nínú igbó ilẹ̀ Yorùbá: arère, àràbà àti ahùn. Bí ènìyàn bá wo ewé wọn láti òkèèrè, ọwọ́ tí ó la ìka sílẹ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ. Bí ó bá sún mọ́ wọn, yóò rí i pé ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti arère jẹ́ ewé kan ṣoṣo, pẹlẹbẹ, tí etí rẹ̀ ya wọnú tí ó fi di bí ìka márùn-ún tàbí méje, ṣùgbọ́n yíya náà kò dé ìdí, àtẹ́lẹwọ́ ṣì wà. Ẹni tí ó bá ti rí ewé tí ó wà lára àsíá Kánádà ti rí ohun tí ó sún mọ́ ewé arère, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé igi méjèèjì kò bá ara wọn tan. Ìbẹ́pẹ náà jẹ́ ewé kan tí ó ya, tirẹ̀ kàn ya jìnnà ju ti arère lọ ni. Ti ẹ̀gẹ́ ya débi pé díẹ̀ ni ó kù kí ó já. Àràbà kò ní àtẹ́lẹwọ́ rárá. Ọmọ ewé márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, gbogbo wọn sì pàdé ní orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tí ewé náà fi so mọ́ ẹ̀ka, èyí tí mo ń pè ní ọ̀pá ewé níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pọ̀npọ̀lá àti ti osè rí. Ahùn ni ó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ, nítorí ohun tí ó jọ ìka lára rẹ̀ kì í ṣe ìka. Ewé odindi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, márùn-ún sí mẹ́jọ, tí wọ́n yí ẹ̀ka ká ní ojú kan náà bí àwọn ọmọ tí wọ́n so ọwọ́ pọ̀ yí òpó ká.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tí í ṣe ewé àti èyí tí í ṣe ọmọ ewé? Ojú ni kí a wá, irú ojú tí àwọn àgbẹ̀ máa ń wò lára igi ẹ̀gẹ́ kí wọ́n tó gé e gbìn. Níbi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, kókó kékeré kan máa ń wà ní abíyá rẹ̀, tí ẹ̀ka tuntun tàbí òdòdó yóò gbà yọ. Ibi tí kókó yìí bá wà, ewé odindi ni ó wà lókè rẹ̀. Ọmọ ewé kì í ní i. Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá a fúnra mi, lára àràbà kékeré kan tí kò tíì ga ju òrùlé ilé lọ. Mo fa ẹ̀ka kan wálẹ̀, mo ṣọ́ra fún ẹ̀gún ara rẹ̀, mo sì fi èékánná tọ ọ̀pá ewé náà láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Níbi tí àwọn ọmọ ewé méje ti pàdé, kò sí nǹkan kan, ó ń dán bọ̀rọ̀bọ̀rọ̀. Mo ń bá a bọ̀ títí mo fi dé ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ọ̀pá náà ti wú díẹ̀ kí ó tó wọ ara ẹ̀ka, ibẹ̀ ni mo ti rí kókó aláwọ̀ ewé kan tí kò tóbi ju hóró ọkà bàbà lọ. Ewé kan ṣoṣo ni ohun tí mo ti ń kà sí méje. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti já ewé kan lásán mọ́. Mo máa ń gé e pẹ̀lú díẹ̀ lára ẹ̀ka.

Bí a bá ti mọ èyí, àwọn ewé tí ó jọ ìyẹ́ ẹyẹ kò ní da ojú rú mọ́. Ìyeyè, dóńgóyárò, ògánwó, apá àti akòko, ọmọ ewé wọn tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá kan. Ti igi irú àti ti àyìnrẹ́ tún pín lẹ́ẹ̀kejì: ọ̀pá ńlá náà ya ọ̀pá kéékèèké, ara ọ̀pá kéékèèké wọ̀nyí ni àwọn ọmọ ewé tò sí. Nínú àwọn tí ó pín lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí léèrè jù. Ọmọ ewé dóńgóyárò ní eyín bí ayùn ní etí rẹ̀, ó tẹ̀ bí dòjé, ìdí rẹ̀ kò sì dọ́gba, apá kan máa ń tóbi ju èkejì lọ. Ti ìyeyè kò ní irú eyín bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé e sókè sí oòrùn, a ó rí iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń bá etí rẹ̀ lọ bí ìránṣọ, ọmọ ewé kan ṣoṣo ni ó sì máa ń wà ní orí ọ̀pá náà. Ti ògánwó náà kò ní eyín, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni wọ́n tò títí dé orí, kò sí ẹyọ kan tí ó dá wà lókè. Ẹni tí ó bá mọ nǹkan mẹ́ta yìí kò lè fi ọ̀kan pe èkejì mọ́.

Lẹ́yìn ìrísí, ọwọ́ àti imú náà ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ yí ewé agbálùmọ̀ dà, ẹ ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bí ẹni pé a kun ún ní fàdákà. Ẹ gbé ewé ọsàn sókè sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn tó-tò-tó kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, inú wọn ni òróró tí ń ta sánsán wà. Ẹ fi ọwọ́ ra ewé tíìkì tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, àtẹ́lẹwọ́ yín yóò pọ́n. Ewé tíìkì àti ti gmelina, méjì-méjì ni wọ́n máa ń dojú kọ ara wọn lára ẹ̀ka, nígbà tí ti máńgòrò àti ti ìrókò ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oje funfun máa ń jáde lára ìrókò, agbálùmọ̀ àti ahùn bí a bá já ewé wọn, ṣùgbọ́n kí a má ṣe jẹ́ kí oje igi tí a kò mọ̀ kan ojú, kí a má sì ṣe tọ́ ọ wò.

Afàrà àti ìdígbò, tí àwọn oníṣòwò gẹdú ní òkè òkun pàápàá ń fi orúkọ Yorùbá pè, jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ewé wọn sì máa ń kó jọ sí orí ẹ̀ka. Ọ̀pá ewé ni kí a wò: ti afàrà gùn, ewé rẹ̀ sì dán, ti ìdígbò kúrú, ẹ̀yìn ewé rẹ̀ sì ní irun tí àwọ̀ rẹ̀ jọ ti ìpẹtà irin.

Ibi tí ọ̀nà yìí kù sí ni pé igi a máa pa ìrísí dà bí ó bá ṣe ń dàgbà. Ewé ọmọ ìrókò ní eyín wẹ́wẹ́ ní etí, ó sì le lọ́wọ́, ṣùgbọ́n etí ewé ìrókò àgbà ń dán ni. Osè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù máa ń yọ ewé odindi kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èyí tí ó pín bí ìka. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àràbà àti afàrà a máa wọ́ ewé wọn dànù, pọ̀npọ̀lá a sì fi òdòdó pupa nìkan dúró. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ igi ni a ó máa ṣa ewé, èyí tí ó bá sì wà nílẹ̀ lè jẹ́ ti igi ìtòsí. Ní ti bí ó ṣe ṣeé gbára lé tó, ojú àti ọwọ́ máa ń dín igi ọgọ́rùn-ún kù sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì dára ní ti pé ẹni tí ó lò ó mọ ohun tí ó rí àti ohun tí kò rí. Bí ó bá ṣìnà, ó lè padà sẹ́yìn wo ibi tí ó ti ṣìnà.

Àwọn ìyá ẹlẹ́wé ọmọ

Ní Ọjà'ba ní Ìbàdàn, ní Ojúwòyè ní Mushin, àti ní ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ wa, àwọn ìyá wà tí wọ́n ti ń ta ewé, egbò àti èèpo igi láti ìgbà èwe wọn. Owó ìmọ̀ wọn kò pọ̀: a ó kí wọn dáadáa, a ó ra nǹkan díẹ̀ lọ́wọ́ wọn, a ó sì dúró títí tí oníbàárà tí ó wà níwájú yóò fi lọ. N kò rò pé ó yẹ kí ènìyàn béèrè ìmọ̀ ọdún púpọ̀ lọ́wọ́ wọn kí ó sì lọ láìra ohunkóhun.

Mo gbé ẹ̀ka kan lọ bá ìyá kan ní ọjọ́ kan, ó dá mi lójú pé ìyeyè ni. Mo ní, “Ẹ kú ọrọ̀ ajé o, Ìyá.” Ó ní, “Ó ò ṣe é, ọmọ mi. Kí lo mú wá?” Kò wò ó pẹ́. Ó já ọmọ ewé kan, ó ká a sí méjì, ó fi àtàǹpàkò rún un, ó sì nà án sí mi: “Gbọ́ òórùn ẹ̀ ná.” Mo gbọ́ ọ, kò ta sánsán kankan, bí koríko lásán ni ó rí. Ó ní, “Ìyeyè ha lè rí báyìí? Ìyeyè tí wàá rún tí imú ẹ á mọ̀ pé òun àti máńgòrò ń bá ara wọn tan.” Òótọ́ ni ó sọ, inú ẹbí kan náà ni àwọn onímọ̀ ijinlẹ̀ fi igi méjèèjì sí. N kò sọ fún un bẹ́ẹ̀, nítorí kò nílò rẹ̀.

Agbára wọn nìyẹn: imú, ọwọ́ àti lílò. Ewé tí ó ti rọ, èyí tí ó ti gbẹ, àti èyí tí a ti gé wẹ́wẹ́, wọ́n ṣì máa ń mọ̀ ọ́n, níbi tí ìwé àti fóònù kò ti lè ṣe ohunkóhun. Àmọ́ ohun tí wọ́n ń tà ni wọ́n mọ̀ jù. Bí igi kan kò bá wúlò fún àgbo tàbí fún ọbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìyá náà kàn pè é ní igi igbó.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún wà níbẹ̀. Orúkọ tí Ẹ̀gbá ń pe igi lè yàtọ̀ sí ti Èkìtì. Ìyeyè fúnra rẹ̀ ni àwọn mìíràn ń pè ní akíka. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, orúkọ kan a máa bo igi méjì. Èyí tí ó jìnnà jù nínú irú rẹ̀ ni ti ìrókò. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Brazil kò bá igi ìrókò níbẹ̀, igi kan tí ó jẹ́ ìbátan ọdán àti ọ̀pọ̀tọ́ ni wọ́n sì gbé orúkọ òrìṣà Ìrókò fún. Ní Kúbà, àràbà ni wọ́n mú. Ẹni tí ó bá fi orúkọ nìkan béèrè igi yóò pe igi mẹ́ta ní ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú ewé wọn dání yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ti àràbà pín bí ìka, ti àwọn méjì yòókù kò sì pín.

Fóònù àti áàpù

Áàpù mẹ́ta tí mo rí lọ́wọ́ àwọn ènìyàn jù ni Pl@ntNet, iNaturalist àti Google Lens. Ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dátà nìkan ni wọ́n ń jẹ. Pl@ntNet ti ilẹ̀ Faransé wá, àwọn ilé ìwádìí ìjọba ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é, a sì lè sọ fún un pé Áfíríkà ni a wà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá igi. iNaturalist bẹ̀rẹ̀ ní 2008 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣejáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ohun tí ó fi yàtọ̀ ni pé, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti sọ tirẹ̀, àwọn ènìyàn mìíràn lè wo àwòrán náà kí wọ́n sì tún un ṣe. Google Lens yára jù, ṣùgbọ́n a kò dìídì ṣe é fún igi.

Ohun tí ó yẹ kí a mọ̀ nípa gbogbo wọn ni pé àwòrán ni wọ́n fi ń wé àwòrán. Ní 2011, ọ̀kan nínú àwọn áàpù àkọ́kọ́ tí ó ń fi ìrísí ewé dá igi mọ̀, Leafsnap, jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ó ń lò ó ní láti tẹ́ ewé sórí bébà funfun kí ẹ̀rọ lè rí etí rẹ̀ kedere. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n nǹkan bí igi 185 ti ìhà àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà ni ó mọ̀. Bí a bá fi ewé arère hàn án, kò sí bí ó ṣe lè pè é ní arère. Àwọn ti òde òní mọ igi púpọ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ àléébù náà kò tíì kúrò lára wọn tán. Igi tí a gbìn káàkiri ayé, bíi máńgòrò, dóńgóyárò, tíìkì, gmelina, kajú àti igi furúùtù tí àwọn ọmọ Èkó fẹ́ràn, wọ́n máa ń mọ̀ ọ́n kíákíá. Igi inú igbó wa ni kì í fi bẹ́ẹ̀ yé wọn, nítorí àwọn tí ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ẹ̀rọ kò pọ̀.

Mo ti fi ọmọ ìrókò han áàpù kan rí, ewé rẹ̀ ṣì ní eyín, ó sì pè é ní igi kan tí ó ti Éṣíà wá. Kò ṣiyèméjì rárá. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyí: nọ́ńbà tí ó máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ, ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún, bí àwòrán ṣe jọra tó láàárín àwọn igi tí ó mọ̀ ni ó ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà á bí ẹni pé bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ òótọ́ tó ni. Ẹni tí kò bá ní ohun mìíràn lọ́wọ́ kò ní mọ̀ ìgbà tí ó ṣìnà.

Ẹni tí yóò lò ó, kí ó ya ju àwòrán kan lọ: ojú ewé, ẹ̀yìn ewé, ibi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, èso tàbí òdòdó bí ó bá wà, àti èèpo igi. Ewé kan tí a gbé sórí ibùsùn yà nínú yàrá kò ní ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Ìwé

Èyí tí mo mọ̀ pé ó wúlò jù fún igi Nàìjíríà ni *Trees of Nigeria* tí R. W. J. Keay tẹ̀ jáde ní 1989. Àtúnṣe ni lórí ìwé ìdìpọ̀ méjì tí òun, Onochie àti Stanfield ti kọ́kọ́ gbé jáde ní 1960 àti 1964. Ìbéèrè ni ó fi ń tọ́ ènìyàn sọ́nà. Ewé dojú kọ ara wọn, àbí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n yọ? Ó pín, àbí kò pín? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan a máa ti ènìyàn sí ìbéèrè mìíràn títí yóò fi dé orúkọ. Ẹni tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ohun tí mo sọ nípa arère, àràbà àti ahùn yóò gbádùn rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́ ọ yóò ṣìnà ní ìbéèrè kejì. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó le ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì rọrùn láti rí rà, ibi ìkówèésí yunifásítì ni mo ti ń kà á. *Ewé* tí Pierre Verger tẹ̀ jáde ní Brazil ní 1995 wà fún ohun mìíràn: orúkọ Yorùbá àti ìlò ewé ni ó kó jọ, kò wà fún fífi ìrísí dá igi mọ̀, ṣùgbọ́n yóò fi han ẹni tí ó ní orúkọ lọ́wọ́ iye igi tí orúkọ náà lè jẹ́.

Hàbéríọ́ọ̀mù

Ní Jericho ní Ìbàdàn, nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣe ìwádìí nípa igbó, ni hàbéríọ́ọ̀mù tí ó lókìkí jù ní Nàìjíríà wà, tí àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń fi lẹ́tà FHI pè. Ewé gbígbẹ tí a tẹ̀ mọ́ bébà tí ó wà níbẹ̀ lé ní 100,000. Àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ àti ti Èkó náà ní tiwọn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà yóò gba ẹ̀ka tí a mú wá, yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí wọ́n ti mọ̀ dájú, yóò sì wé wọn ní iṣan sí iṣan.

Owó ọkọ̀ àti àkókò ni ó ń gbà jù, ó sì lè gba ọjọ́ púpọ̀ kí èsì tó jáde. A kò sì lè gbé ewé kan ṣoṣo lọ. Ẹ̀ka tí ewé rẹ̀ pé ni kí a gé, pẹ̀lú òdòdó tàbí èso bí a bá rí, kí ó má tóbi ju ojú ewé ìwé ìròyìn lọ. Kí a tẹ́ ewé náà, kí díẹ̀ nínú wọn kọ ẹ̀yìn sókè, kí a fi sáàárín ìwé ìròyìn, kí a gbé ohun wúwo lé e, kí a sì máa pààrọ̀ ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ, nítorí bí omi bá kù sínú rẹ̀, yóò hu olú. Kí a kọ ibi tí a ti gé e sílẹ̀, ọjọ́ tí a gé e, bí igi náà ṣe ga tó, àwọ̀ òdòdó àti ti oje rẹ̀, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Àwọ̀ àti òórùn kì í pẹ́ kúrò lára ewé gbígbẹ. Bí a kò bá kọ wọ́n sílẹ̀, wọ́n ti lọ nìyẹn. Nínú márààrún, èyí ni mo gbára lé jù, nítorí ẹ̀rí rẹ̀ kì í sọnù: ẹ̀ka náà yóò gba nọ́ńbà, ẹlòmíràn lè lọ wò ó lẹ́yìn ogún ọdún, kí ó sì sọ pé a ṣe àṣìṣe.

Ta ni kí ó mú èwo?

Ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Houston, tí ó fẹ́ mọ igi àdúgbò rẹ̀ níbẹ̀, kí ó lo áàpù láìfòyà, nítorí àwòrán igi ibẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀rọ. Bí ó bá wá sílé, kí ó fi áàpù náà ṣe ìbẹ̀rẹ̀ fún igi tí a gbìn sí àgbàlá, ṣùgbọ́n tí ó bá wọ inú igbó, kí ó fi sí àpò.

Ẹni tí ó ra ilẹ̀ tí ó sì ń rò ó bóyá kí òun gé igi tí ó wà níbẹ̀, kí ó fi ojú àti ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì pe àgbẹ̀ àgbà kan ní àdúgbò náà. Bí ó bá ku fẹ́ẹ́ bóyá ìrókò tàbí ògánwó ni, kí ó ya ẹ̀ka kan lọ sí hàbéríọ́ọ̀mù kí ayùn tó kàn án. Bákan náà ni mo sọ fún oníṣòwò gẹdú: kí ó wo ewé kí igi tó wó, nítorí lẹ́yìn èyí, pákó nìkan ni yóò máa wò.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí ó ń kọ iṣẹ́ àṣejáde lórí ewé kan kò ní ohun tí ó ń yàn. Hàbéríọ́ọ̀mù ni tirẹ̀, nítorí nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un níbẹ̀ ni àwọn tí yóò ka iṣẹ́ rẹ̀ yóò béèrè. Kí ó fi ìwé Keay ṣe ẹlẹ́gbẹ́.

Ẹni tí ó ń wá ewé fún àgbo, kí ó lọ bá ìyá ẹlẹ́wé ọmọ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́, kí ó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ dípò kí ó lọ já a fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, kí ó má ṣe gbé e lé fóònù lọ́wọ́. Igi ọ̀bọ̀, tí a tún ń pè ní erun, wà nínú igbó wa. Ewé rẹ̀ pín lẹ́ẹ̀mejì bí ti àyìnrẹ́, èèpo rẹ̀ ni wọ́n sì ń fún ènìyàn mu láyé àtijọ́ láti fi dán an wò bóyá ó jẹ̀bi, májèlé tí ó ń pa ọkàn ni. Àṣìṣe ibẹ̀ kò ní àtúnṣe.

Olùkọ́ ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò nílò ohunkóhun ju ọgbà ilé ìwé lọ. Kí ó má ṣe kọ́kọ́ sọ orúkọ igi kankan. Kí ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ewé ìbẹ́pẹ ní ọwọ́ ọ̀tún àti ọmọ ewé dóńgóyárò kan ní ọwọ́ òsì, kí ó bi wọ́n pé èwo nínú méjèèjì ni ewé odindi, kí ó sì kó wọn lọ sí abẹ́ igi dóńgóyárò náà, kí wọ́n wá kókó kékeré náà níbi tí ọ̀pá ewé ti so mọ́ ẹ̀ka.